Lísàbí Ló Gba Tirẹ̀ Kẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí,

Mo kí yín nílé, mo kí yín lóko, mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú òyìnbó. Inú mi kò dùn, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ ti gbọ́ ọ̀ràn ọmọkùnrin yẹn. Kò tíì pé ọmọ 30 ọdún. Ó kó orúkọ 40 jọ sórí WhatsApp, ó ní kí wọ́n máa dá èésú, 10,000 náírà lọ́sẹ̀. Ó fi orúkọ Lísàbí pe ẹgbẹ́ náà, ó sì gbé àwòrán kan síwájú rẹ̀: Lísàbí dúró, iná ń jó ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná. Ọ̀sẹ̀ kìíní, òun fúnra rẹ̀ ló kó o, 400,000. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí rí ló kó o. Òun náà ni, ó kàn yí orúkọ padà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ní ìyá, ìyá yẹn sì ti gbọ́ èébú tó.

Owó ló ń dun àwọn tó dá a. Èmi, orúkọ tó fi pè é ló ń dùn mí. Nínú gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ ẹni tó gba tirẹ̀ kẹ́yìn ló fi bo ojú ẹni tó gba tirẹ̀ ṣáájú. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Bí mo bá yà sí kọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀, màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba iná yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ́ ló wà lọ́wọ́ Lísàbí. Àgbẹ̀ ni, ọmọ Ìtòkú tó ń gbé ní Ìgbẹ̀ìn, òmìrán ọkùnrin tí wọ́n ń kì ní Agbòǹgbò Àkàlà. Ìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé ni ìtàn fi í sí, ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àwọn òpìtàn mìíràn tilẹ̀ fi ìdìtẹ̀ tó ṣe sí Ọ̀yọ́ sí àárín 1775 sí 1780. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ẹ̀gbá wà nígbà náà. Inú igbó ni wọ́n ń gbé, ìlú wọn kéékèèké, ó fọ́n káàkiri, olúkúlùkù ló sì ní olórí tirẹ̀. Ọ̀yọ́ fi àwọn ìlàrí jẹ ajẹ́lẹ̀ lé wọn lórí, àwọn ìránṣẹ́ ọba tó máa ń fá apá kan orí tí wọ́n á dá apá kejì sí. Owó ìsìn nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á wọ ilé onílé, wọ́n á mú ohun tó bá wù wọ́n, ì báà ṣe ewúrẹ́, ì báà ṣe ìyàwó oníyàwó.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé Lísàbí ló tẹ Abẹ́òkúta dó? Mo rí i kà lójoojúmọ́, ó sì ń bí mi nínú. Ọdún 1830 ni Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣíwájú wọn. Lísàbí ti lọ tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Àwọn kan tún fi í sínú ogun Dàhọ̀mì! Ọdún 1851 ni Dàhọ̀mì kọ́kọ́ kọlu Abẹ́òkúta, wọ́n tún padà wá ní 1864. Bí Lísàbí bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti lé ní 100 ọdún, ó sì gbé ìbọn. Ẹ ò lè máa fi akọni ṣe ọbẹ̀ tí ẹ ó máa bu omi sí nígbà tí àlejò bá dé.

Ọkọ́ ni mo ń sọ. Àáró ni mo ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ bí àáró ṣe ń lọ kò lè mọ ohun tí Lísàbí ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀.

Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí èèyàn ránṣẹ́ pe ẹbí àti ará sí iṣẹ́ ńlá kan, bóyá ilé ló ń mọ, bóyá bàbá ìyàwó ni ọkọ ọmọ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá ro oko. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á wá ẹmu, ó parí síbẹ̀. Gbèsè ni àáró ní tirẹ̀. O wá kọ ebè fún mi lónìí, mo jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan, ebè ni màá sì fi san án. Bí o bá ṣán igbó fún mi, tí mo wá ní kí n fi koríko ríro san án fún ọ, mo ti rẹ́ ọ jẹ, nítorí ọjọ́ kan nínú igbó dìmùdìmù le ju ọjọ́ mẹ́ta nínú oko tó ti mọ́ lọ. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn lọ́jọ́ iṣẹ́, ó lè rán àbúrò rẹ̀, tàbí kó san ọjọ́ náà padà bí ara bá yá. Kò gbọdọ̀ dákẹ́ ṣá.

Ènìyàn 5 sí 10 ló dáa. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, òjò á ti lọ kó tó kan ẹni ìkẹyìn. Ẹni tí àáró kàn lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti le, wọ́n ti fi ìyà jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ọjọ́ orí wọn máa ń súnmọ́ra, agbára wọn náà sì ni, kí ebè ẹnì kan má bàa tó ebè ẹni méjì. Wọ́n á jáde kí oòrùn tó mú, olúkúlùkù á mú poro kan, ẹni tó yá lọ́wọ́ jù á wà níwájú, wọ́n á fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra sáàárín kó má bàa rí àyè sinmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí kì í jókòó, poro ẹni tó kẹ́yìn ló ń yà sí.

Igba igba ni àgbẹ̀ fi ń ka ebè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn 10 ni, tí olúkúlùkù kọ 200 lójúmọ́. Ebè 2,000 ló délẹ̀ lóko ẹnì kan kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó dùn létí, àbí? Ẹ wá ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kí iṣẹ́ tó kárí gbogbo wọn, olúkúlùkù á ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ 10. Bó bá sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń kọ 2,000 ebè tirẹ̀, ọjọ́ 10 náà ni. Àáró kò dín ebè kan ṣoṣo kù nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ọjọ́ 10 rẹ pọ̀ sínú ọjọ́ kan, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lè bá gbogbo ebè rẹ nílẹ̀, kí koríko má bàa hù bo ti ọjọ́ kìíní nígbà tí o ṣì wà lórí ti ọjọ́ kẹsàn-án.

Èésú náà nìyẹn gẹ́lẹ́! Èésú kì í bímọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èésú òun ń mú èrè wá, ẹ sá fún un. 40 ọ̀sẹ̀ ni wàá dá 10,000, 400,000 náà lo máa kó, kò lé, kò dín. Kìkì pé ó kóra jọ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ni, tó fi lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tó fi lè san owó ilé.

Níbo ni àáró ti ń bàjẹ́? Àwọn kan á mú ọkọ́ tó kújú wá sóko ẹlòmíràn, wọ́n á fi èyí tó mú sílé de oko tiwọn. Ẹlòmíràn á kọ ebè ràbàtà lóko ara rẹ̀, ó dé oko olóko ó ń kọ ebè bí ìdí àwo, kó ṣáà lè pé 200. Wọ́n máa ń mọ̀. Bí iṣu bá ta, ebè á jẹ́rìí. Àwọn àgbà tó ní ẹni tó gbin 100 ebè tó ní òun gbin 200, bó bá jẹ 100 òtítọ́ tán á jẹ 100 irọ́, oko ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ìjà tó tún máa ń ba àáró jẹ́ ni ìjà ta-ló-kàn. Gbogbo ayé ló fẹ́ ṣáájú nígbà tí òjò kìíní bá rọ̀. Ẹni tó bá sì ti gba tirẹ̀ tán, ẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Àna rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ibẹ̀ ni Lísàbí ti yàtọ̀. Ìtàn sọ pé ó lọ sóko gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ ebè, ó ro oko, kò pa ọjọ́ ẹnì kankan jẹ. Bí wọ́n bá ní ó kàn án, á ní kí ẹlòmíràn gbà á. Ó ń sún tirẹ̀ síwájú títí ó fi ku òun nìkan, tí gbogbo wọn jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó wá ní òun kò fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ ebè. Àwọn ìlàrí ni kí wọ́n bá òun hú kúrò nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kì í fura sí ọkùnrin 10 tó gbé ọkọ́ àti àdá kọjá lówùúrọ̀. Àáró ń gbé wọn láti ìlú kan dé ìkejì, wọ́n ń mọ ọ̀nà, wọ́n ń mọ ara wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, lẹ́yìn bí ẹ̀rùn mélòó kan, Lísàbí á ti mọ ẹni tó ń dé lásìkò, ẹni tó ń mú ọkọ́ tó kújú wá, ẹni tó gba tirẹ̀ tán tó wá di aláìsàn. Wọn kì í fi ẹnu dán irú nǹkan báyẹn wò. Oko ló fi yan ọmọ ogun. Nígbà tó yá, Ẹgbẹ́ Àáró náà ló di Ẹgbẹ́ Olórógun.

Ọjọ́ pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbẹ̀ìn, ariwo ta, ìlú kejì gbà á, ìkẹta gbà á. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ pé ìlàrí tó kú lé ní 600. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìyẹn lé ní 100 ọdún lẹ́yìn ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú iye náà. Yálà ó pé 600 o, yálà kò pé, ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ikú wọn ṣe ẹ̀rín lórí Facebook, tẹ́ ẹ ń fi bú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé ẹ jọ ń jẹ àmàlà nínú àwo kan náà, ẹ sinmi. Kò sí ohun tí ìlàrí ìgbà Abíọ́dún fi kan ọmọ tó ń ta fóònù ní Ọ̀yọ́ lónìí.

Ọ̀yọ́ kó ogun dé lóòótọ́. Lísàbí ti kó àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó pamọ́ sí àfonífojì. Ogun wọlé, kò bá ẹnì kankan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ìgbà tí ẹrù ti kún ọwọ́ wọn, tí idà kò ráyè jáde mọ́, ni Ẹ̀gbá jáde láti ibi tí wọ́n lúgọ sí. Níbo ni iná àtẹ́lẹwọ́ wà nínú ìyẹn? Ẹni tó mọ̀ pé ebi ẹrù ń pa jagunjagun ló gbèrò yẹn, ẹni tó sì ní ènìyàn tó lè dákẹ́ sínú igbó títí àṣẹ á fi dé. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ní kí 40 ènìyàn dákẹ́ lórí WhatsApp fún wákàtí kan.

N kò bá ẹni tó ní oògùn wà lára rẹ̀ jà. Jagunjagun wo ni kò ní tirẹ̀? Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni pé oògùn nìkan lẹ rí. Ọmọ tó bá ti gbà pé iná ló ṣiṣẹ́ fún Lísàbí, iná ló máa wá lọ, kò ní wá ènìyàn. Ó sì rọrùn fún un láti rò pé ènìyàn 38 yòókù, igi ìdáná ni wọ́n.

Bí Lísàbí ṣe lọ, ìtàn méjì ló wà. Àwọn kan ní ó wọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ sí Igbó Lísàbí lọ́dọọdún. Àwọn kan ní ìlara àwọn èèyàn rẹ̀ ló pa á. Ẹ̀yin kì í fẹ́ gbọ́ ìkejì, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò pé 50 ọdún, ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, iná rẹ̀ sì ràn dé igbó Ẹ̀gbá. Ìlú ń tú tẹ̀lé ìlú, Ẹ̀gbá ń dìde sí Ẹ̀gbá, ẹni tí ogun kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í dìde fún ẹni tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìbàdàn tẹ́ ẹ mọ̀ lónìí, ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó jókòó sí i. Àáró ló tú. Wọ́n gba tiwọn tán, wọn kò san án. Ìyẹn ló gbé wọn dé abẹ́ àpáta.

Mo padà sórí èésú.

Ẹ má dá èésú tó ju ènìyàn 12 lọ. Ènìyàn 40 ti pọ̀ jù, ó ń lọ sí bí oṣù 9, ohun tí ojú kò rí lóṣù kìíní lè gbé ẹlòmíràn lọ lóṣù keje. Ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀, kó má wọ̀ ọ́, àní bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ yín. Ẹni tuntun ni kó gbà kẹ́yìn ní àkọ́kọ́ṣe, kó sì mú onídùúró wá, ẹni tó máa san án bí òun kò bá san. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní ọwọ́ méjì nínú ìdajì àkọ́kọ́. Ojú gbogbo yín ni kí owó ti kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ìkejì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ojú fóònù. Olórí èésú kó gba tirẹ̀ kẹ́yìn pátápátá. Bó bá kọ̀, ẹ dìde kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dá kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston tẹ́ ẹ ń dá a ní pọ́n-ún àti dọ́là, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ yìí gbé èésú dé Trinidad, “susu” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Wọn kò rí aṣọ kó lọ, wọ́n kó ìyẹn lọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin 38 tó kù. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí, kí ẹ yé pariwo. Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ dá kó tó sá. Orúkọ tirẹ̀ méjèèjì kó 800,000, ó sì ti dá 100,000 padà, nítorí náà 700,000 ló gbé lọ. Ẹ̀yin 35 tí kò tíì kàn, olúkúlùkù ti dá 50,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,750,000. Níbo ni 1,050,000 tó kù wà? Ó wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tó gbà lọ́sẹ̀ kejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, 350,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ pé “ẹgbẹ́ ti tú” tí wọ́n sì ń bá yín bú olè. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbọ́ mi? Ẹ ti gba àáró. Ẹ ní kí inú má run yín.

Bí ẹ bá tú u ká báyìí, 50,000 ni olúkúlùkù àwọn 35 máa pàdánù. Bí ẹ̀yin 38 bá ń dá a lọ, 380,000 ni ẹni tó bá kàn máa kó, 20,000 péré ló máa pàdánù. Ìyàtọ̀ 30,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ àwọn mẹ́ta yẹn ló wà.

Ọmọkùnrin tó sá, bí ẹnikẹ́ni bá lè fi èyí hàn án: 700,000 ni, kì í ṣe ikú. Bó bá mú 20,000 wá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 35 ló máa gbà á, ìyẹn gan-an ni ọ̀sẹ̀ tó kù, èésú á sì pé 400,000 padà bí ẹni pé kò sá rí. Kó gba ilé ìyá rẹ̀ wọlé, kó má gba ti ọlọ́pàá.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹfà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn mẹ́ta yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé 10,000 wọn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó yọ owó. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ló kàn.